Ìbejì Inú Àbẹ̀kẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́: n kò fẹ́ràn kí ẹran máa bá èèyàn gbé inú ilé. Ẹran ní ibùgbé tirẹ̀, yálà inú igbó tàbí inú ìkòkò. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ Sàláhúdéènì Alápatà àti Àbẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ má rò pé mò ń gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ògiri kúkurú kan ló wà láàárín wa ní Kabawa, àdúgbò kan ní Lọ́kọ́ja. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lápá ìhín, ilé rẹ̀ wà lápá ọ̀hún, ohun tí etí mi gbọ́ tí ojú mi sì rí ni mò ń sọ.

Kẹ́hìndé ni Sàláhúdéènì. Táíwò rẹ̀ kú nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà ní kékeré. Ìyá wọn, tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ láti Ìṣẹ́yìn wá ṣòwò ní Lọ́kọ́ja, kò torí ìyẹn dẹ́kun àtimáa se ẹ̀wà ìbejì. Abọ́ méjì ló máa ń kọ́kọ́ bù sọ́tọ̀ kí àwọn ọmọ àdúgbò tó jẹ: ọ̀kan fún ẹni tó wà, ọ̀kan fún ẹni tí kò sí. Ọjọ́ tí ìyá náà kú ni ẹ̀wà tán nínú ilé yẹn. Ìyàwó Sàláhúdéènì ń gbé ní Ìlọrin lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn, òun nìkan ló kù síbí. Kì í sì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá kí i ní "Òkun o!" bí àwa Ọ̀wọ́rọ̀ ṣe ń kíni, á kàn gbọ́wọ́ sókè, ó parí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn kì í ṣe ọwọ́ lásán o. Ní odò ẹran, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù àti ewúrẹ́, bí ara bá fu wọ́n nípa abo ẹran kan, òun ni wọ́n ń pè. Á ki ọwọ́ bọ abẹ́ ikùn rẹ̀, á dijú, á ní, "Ó lóyún. Ẹ dá a padà." Kò sẹ́ni tó máa pa ẹran náà mọ́. N kò tíì gbọ́ ọjọ́ tí ọwọ́ yẹn ṣe àṣìṣe.

Oníbàárà rẹ̀ kan, ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Ìyìnolúwa, ló gbé Àbẹ̀kẹ́ wá. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Felele, ó fẹ́ lọ ṣe àgùnbánirọ̀, kò sì rí ẹni tó máa bá a tọ́jú gíní-pìgì rẹ̀. Ẹran kékeré kan báyìí ni, ó ju eku lọ, kò tó ehoro, kò sì nírù. Ó wá gbé e fún alápatà! Ẹ ò rí i pé ìwé kíkà yàtọ̀ sí ọgbọ́n. Èmi ti ń retí òórùn ọbẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri.

Ọbẹ̀ kò jinná títí dòní. Bí Sàláhúdéènì bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ ń dún nínú àpò, ẹran yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ké: wíì! wíì! wíì! Koríko ló ń bèèrè. Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí kò tíì pa á.

Ó ní, "Ìyá Tìmílẹ́hìn, gbogbo ẹran tó bá gbúròó mi ló ń sá. Èyí nìkan ló ń pè mí."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ó tó ọdún kan ó lé, Ìyìnolúwa kò sì tíì padà wá gbé e, kí ikùn Àbẹ̀kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo dédé gbọ́ igbe lórí ògiri. Sàláhúdéènì, tí kì í sọ̀rọ̀, ló ń pariwo.

"Méjì ni! Ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n rí roboto. Ìbejì ni, Ìyá Tìmílẹ́hìn! Ìbejì ń bọ̀ nínú ilé yìí!"

Mo ní, "Ẹ kú oríire. Ta lọkọ rẹ̀?"

"Ó ti lóyún kó tó débí."

"Oyún tó ju ọdún kan lọ? Ṣé erin ni?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ọwọ́ òun kò parọ́ rí, ó sì wọlé lọ. Bí mo bá kí i, kò gbọ́wọ́ sókè mọ́, àfi bíi pé èmi ni mo wá gba oyún náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó se ẹ̀wà. Ilé tí kò ti se ẹ̀wà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú! Ó da epo sí i, ó ra ìrèkè, ó pe gbogbo ọmọ àdúgbò, àti Yorùbá, àti Ígálà, àti Núpé. Wọ́n jẹ, wọ́n jó, wọ́n sọ ẹran náà ní Ìyá Ìbejì. Èmi náà jẹ ẹ̀wà, n kò ní purọ́. Ó dùn.

Láti ọjọ́ náà ni irun ti bẹ̀rẹ̀ sí í re ní ìhà méjèèjì Àbẹ̀kẹ́. Mo ní kí ó gbé e lọ fún dókítà ẹranko. Ó ní ehoro pàápàá máa ń tu irun ara rẹ̀ tẹ́ ibùsùn bó bá fẹ́ bímọ, àti pé a kì í gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ aboyún. Alágídí ni. Mo ṣíwọ́ ọ̀rọ̀, mo bá ìránṣọ mi lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, mo gbọ́ tí àwọn ọ̀bẹ ń dún bọ̀. N kò gbọ́ igbe kankan. Mo dá ẹ̀rọ mi dúró. Nígbà tí mo yọjú, Sàláhúdéènì dúró sẹ́nu ọ̀nà, àpò ọ̀bẹ ṣì wà léjìká rẹ̀.

Ó ní, "Kò pè mí."

Àbẹ̀kẹ́ ká jọ sí kọ̀rọ̀, koríko àárọ̀ wà níwájú rẹ̀, kò fẹnu kàn án. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. A gbé ẹran sínú apẹ̀rẹ̀, a wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Dókítà náà, Olúwafúnmilọ́lá, kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kò kánjú. Ó tẹ ikùn náà wò, ó fá irun díẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú lé e. Ohun méjì tó dúdú, tó rí roboto, ló hàn lójú ẹ̀rọ.

Ó ní, "Bàbá, kò sí ọmọ níbẹ̀. Àpò omi ló hù sí ibi tí ẹyin rẹ̀ máa ń wà, ọ̀kan lápá ìhín, ọ̀kan lápá ọ̀hún. Ó máa ń ṣe àwọn abo wọn bẹ́ẹ̀. Òun náà ló ń mú irun rẹ̀ re."

"Ẹ tún un wò."

Dókítà tún un wò. "Omi ni, Bàbá."

"Ọwọ́ mi ní méjì ni."

"Ọwọ́ yín kò parọ́. Méjì ni lóòótọ́. Wọn kì í ṣe ọmọ ni."

Ó ní òun lè fi abẹ́rẹ́ fa omi náà, ṣùgbọ́n ó máa tún kún. Iṣẹ́ abẹ ló dára jù, kí òun yọ àpò méjèèjì. Kò fi ewu inú rẹ̀ pa mọ́: ẹran tó kéré tó báyìí, wọ́n lè fún un lábẹ́rẹ́ oorun kó má jí mọ́. Bí a bá sì gbé e padà sílé bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ kú.

Sàláhúdéènì gbá apẹ̀rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ má fọ̀bẹ kàn án. Mo mọ ohun tí ọ̀bẹ ń ṣe."

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi. Mo ní, "Ọ̀bẹ tiyín lẹ mọ̀! Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, àbí kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé kẹ́ ẹ máa wò ó títí tó fi máa kú!"

Ó bojú wo inú apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi dókítà pé, "Bó bá jí, ṣé á tún máa ké?"

"Bó bá jí, tébi sì pa á, á ké."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ fún un.

A jókòó síta lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, ó ní, "Inú rírun ló pa Táíwò. Dókítà ní kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Bàbá wa ní ẹnikẹ́ni kò ní fọ̀bẹ kan ọmọ òun. A gbé e wálé. Orí ẹní kan náà la sùn sí." Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ jí. Ṣùgbọ́n jíjí kọ́ ni jíjẹun. Dókítà ní bí kò bá fẹnu ara rẹ̀ jẹun, asán ni gbogbo rẹ̀. Sàláhúdéènì ń lọ koríko, ó ń fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́nu bí ìyá ọmọ tuntun. Èmi tí n kò fẹ́ràn ẹran yìí, bí mo bá ti gbúròó àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi á kúrò lórí ẹ̀rọ, màá tẹ́tí. Ilé á dákẹ́. Ọjọ́ kejì, á tún dákẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni mo gbọ́ ọ. Kò le, ó rí tín-ín-rín, bíi ti ilẹ̀kùn tí kò lépo: wíì. Lẹ́yìn náà ló tún ké, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo gbọ́ tí àpò ọ̀bẹ Sàláhúdéènì bọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òórùn ẹ̀wà gba ògiri kọjá. Mo yọjú.

Mo ní, "Bàbá Alápatà, ẹ̀wà wo tún nìyí? Ṣebí dókítà ní kò sí ìbejì níbẹ̀."

Ó ti bu abọ́ méjì sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń dúró.

Ó ní, "Ìbejì wà nínú ilé yìí, Ìyá Tìmílẹ́hìn. Èmi ni."

Ó gbé abọ́ kan fún ara rẹ̀. Ó na èkejì sí mi lórí ògiri, ó ní kí n bá òun jẹ ti Táíwò. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.