Abọ́ Tó Gba Ipò Kìíní

Níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìrè, àwa obìnrin máa ń díje ẹran ìgbẹ́ sísun. Kátíkísì wa ni adájọ́, nítorí gbogbo ìjọ gbà pé Ọlọ́run ló fún un ní ahọ́n. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ orúkọ sára abọ́, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ẹ wo ọgbọ́n!

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, abọ́ tánganran mi ti bó, ni mo bá yá ti ìyàwó kátíkísì, èyí olódòdó pupa tó fi ń bu oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Òun fúnra rẹ̀ gbé ọ̀yà tirẹ̀ sínú abọ́ tuntun tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Èkó.

Bí kátíkísì ṣe rí abọ́ olódòdó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Ọwọ́ ìbùkún ló sun èyí." Òkété mi rèé o, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti di èédú! Ó tọ́ ti abọ́ Èkó wò, ó pòṣé: "Kí ẹni tó sun èyí lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́."

Wọ́n ní kí àwọn tó ni ẹran méjèèjì yìí dìde. Èmi àti ìyàwó kátíkísì dìde. Adájọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo fọ abọ́ náà, mo dá a padà fún ìyàwó rẹ̀. Ó gbà á, ó ní, "Ẹ ṣé, ìyá. Òfìfo ni n ó máa gbé e síwájú bàbá báyìí. Abọ́ yìí ṣáà ti tó fún un láti jẹ."