Ọjọ́ Tí Mo Sọ Ibi Tí Adánilóró Ti Wá

Òórùn kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, tó ń ta bí ọsàn tó ti fẹ́ kan, kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Oko wa lẹ́yìn ìlú Ìsẹ̀ ni, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí àwọn tí Èkó kò gbè ń padà wálé. Àáró là ń ṣe: gbogbo wa á pawọ́ pọ̀ fọ́ kòkó ẹnì kan, lẹ́yìn náà a ó kọjá sí oko ẹlòmíràn. Ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ìtàn sọ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Emùré, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Bí mo bá ti lanu, àdá á dúró lọ́wọ́ àwọn èèyàn, olóko á sì máa pariwo.

Ìtàn kan ni mo ń fà láti oko dé oko. Ìkà inú rẹ̀ ń jẹ́ Adánilóró. Kò sẹ́ni tó mọ ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń sùn. Yóò kàn yọ lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí ẹnikẹ́ni, iná ààrò á sì kú. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èmi tí mo dá a sílẹ̀ pàápàá.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi kan, oníyẹ̀yẹ́ èèyàn, ju àdá sílẹ̀. “Irọ́ rẹ ti pọ̀ jù! Ìkà kì í ṣàdédé já bọ́. Níbo ni ulé ẹ̀? Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?”

Àwọn obìnrin tó ń kó kòkó jọ bú sẹ́rìn-ín. “Onítàn, epo ti tán!”

Èmi náà kí n gbà pé n kò mọ̀? Mo ní Adánilóró ti jẹ́ èèyàn dáadáa rí. Èkó ló ń gbé. Ó sin ìyàwó, ó sin ọmọ, kò sunkún. Ẹkún tó gbé mì yẹn ló di òkúta láyà rẹ̀, ló bá padà wálé láti wá fi ojú ẹlòmíràn sun ún.

Àdá dúró lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Inú mi ń dùn, àfi ìgbà tí mo rí i pé èmi kọ́ ni wọ́n ń wò. Ọkùnrin kan ni wọ́n ń wò, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àáró wa, tó ti Èkó dé lọ́dún náà láìsí ìyàwó, láìsí ọmọ, tí kò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fọ́ kòkó, kò gbójú sókè. Ohun tí ìlú ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa rẹ̀, pé ó sin wọ́n kò sunkún, ni mo mú, tí mo fi wọ ìkà lẹ́wù níṣojú rẹ̀.

Oko rẹ̀ ló kàn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi nìkan la dé ibẹ̀. Àwọn kan ní inú ń run àwọn, àwọn kan ní ara ọmọ ń gbóná. Ìyá kan ló sọ òótọ́ fún mi lọ́nà: “N kò lè jẹ́ kó fọwọ́ kan omi tí ọmọ mi á mu.” Mo ní ìtàn lásán ni. Ó ní, “Ìtàn lásán kọ́ ló bá ara mu tó báyẹn.”

Mo fẹ́ bẹ ọkùnrin náà. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

“Ìtàn rẹ dáa,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mo sunkún o. Mo sunkún títí tí onílé fi lé mi jáde.”

Èyí tó pọ̀ nínú kòkó rẹ̀ jẹrà sórí igi. Kí òjò tó dá, ó ti kó lọ sí Igbára-Odò.

Nísinsìnyí tí a bá ń wo fíìmù nílé, ọmọ mi á ní ìkà tí a kò mọ ohun tó sọ ọ́ dìkà kò lè wọni lára. Bóyá òótọ́ ló sọ. Ìtàn ọjọ́ yẹn ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo sọ rí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyẹn. Ara alààyè ni mo ti gé e. Adánilóró mi kò níyàá mọ́, kò nílùú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ló ti wá, mo máa ń ní n kò mọ̀. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.