Eré Bàbá àti Ìyá ní Kíláàsì Mi

Ọdún tí owó oṣù wa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n bí ojú ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé àwa tíṣà ò mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé. Wọ́n kó àwa tí à ń kọ́ kíláàsì kìíní láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, ìlú tí wọ́n ti bí mi, tí ìyá mi ti ń fi iṣẹ́ tíṣà mi yangàn, kí wọ́n lọ là wá lójú. Wọ́n ní ọmọ kékeré kì í fi etí nìkan kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kó fọwọ́ kan nǹkan, kó fi ara rẹ̀ ṣe é, ká má ṣe jẹ́ kó jókòó sójú kan láti àárọ̀ dọ̀sán. Ọkùnrin tó ń sọ èyí wọ kóòtù nínú ooru, inú ìwé ló sì ti ń kà á. Àwa náà jókòó sójú kan láti àárọ̀ dọ̀sán, à ń dà á kọ. Nígbà tí mo dìde kí n na ẹsẹ̀, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó. Wọ́n ti ṣèlérí ìrẹsì, n kò sì fẹ́ kí wọ́n lé mi kí ìrẹsì tó dé.

Ilé-ìwé wa wà lápá ọ̀nà Oda. Láti Arakale tí mò ń gbé ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ, torí ọkọ̀ ti di ti olówó. Ọ̀gá ilé-ìwé wa jẹ́ ìyá kan tó gbà pé kíláàsì tó bá dákẹ́ ni kíláàsì tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Bó bá ń kọjá lọ, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ká ọwọ́ lẹ́rán, kí wọ́n máa kọ́ àkọ́sórí. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti bàbá àti ìyá. Èmi á bi wọ́n pé kí ni bàbá yín ń ṣe, gbogbo kíláàsì á sì jọ dáhùn pé, “Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ìyá mi, oníṣòwò ni.” Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ọmọ káfíńtà ń pariwo pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá òun, ọmọ ẹni tó ń lọ ata ń pariwo rẹ̀, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú náà ń pariwo rẹ̀. Kò sí ìlú tí òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ tó ti kíláàsì mi.

Nígbà tí mo ti Oǹdó dé, mo tẹ́ ẹní àtijọ́ kan sí igun kíláàsì. Mo gbé òkúta mẹ́ta síbẹ̀ bí ààrò, mo kó ìkòkò fífọ́ kan àti àkísà díẹ̀ tì í, mo ní kí wọ́n máa ṣe eré bàbá àti ìyá. Kò ná mi ní nǹkan kan, èyí tó bá àpò mi mu dáadáa. Ọ̀gá wá, ó wò ó, ó bi mí bóyá eré ni wọ́n rán ọmọ wá ṣe. Òbí kan tiẹ̀ wá bá mi lójú ọ̀nà pé ọmọ òun ti mọ eré ṣe nílé, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo dá àwọn méjèèjì lóhùn pé ìjọba ló ní ká ṣe é. Ní ayé ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í bá ọ̀rọ̀ ìjọba jiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́! Àwọn tí ohùn wọn kì í jáde lójú pátákó ni wọ́n ń pàṣẹ lórí ẹní. Wọ́n ń ka àwo, wọ́n ń pín oúnjẹ tí kò sí, wọ́n ń bára wọn dárò. Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ilé ara wọn ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀. Èyí tó ń ṣe bàbá á béèrè ẹran, ìyá á ní ẹran ti di ìtàn. Ẹnìkan á kan ìlẹ̀kùn pé òun ni onílé, bàbá á sá sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ọmọ á sì jáde lọ sọ tọkàntọkàn pé, “Dádì ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà mo rántí onílé tèmi, ẹ̀rín náà sì tán.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Bàbá rẹ̀ wà lára ìwọ̀nba bàbá tó ń fúnra wọn mú ọmọ wá sílé-ìwé: ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì, báàgì ọ́fíìsì lọ́wọ́. Ọmọ náà kì í fẹ́ ṣe ìyá, bàbá ló máa ń fẹ́ ṣe. Á fi páálí wé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á tì í bọ inú àpò, á dágbére fún ìyàwó pé ó ń lọ ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà á wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á wé àkísà mórí, á fa pátákó náà yọ, á sì máa lọ. Mo bi í léèrè bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó dé ọ́fíìsì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ó nawọ́ gba ojú fèrèsé sí àwọn kíláàsì tí ìjọba kọ́ dé ìdajì tí wọ́n sì pa tì sẹ́yìn ọgbà wa, ó ní ibẹ̀ yẹn ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lójú fèrèsé. Bàbá náà fi ọmọ sílẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó sì yà sínú ilé àpatì yẹn. Ẹni tó jáde níbẹ̀ wọ ṣòkòtò oko tó ti gbó, ó mú àdá lọ́wọ́, ó gba ọ̀nà oko Oda lọ wàràwàrà. Ọkàn mi bà jẹ́. A ti ń gbọ́ pé wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kì í sọ. Èmi sì mọ ìdí tí ọkùnrin yìí ò fi lè sọ. Ọmọ Oǹdó ni ìyàwó rẹ̀, gbogbo àdúgbò wa níbẹ̀ ló mọ bàbá ìyàwó náà. Ó ti lé àwọn tó wá fẹ́ ọmọ rẹ̀ nítorí pé àgbẹ̀ ni wọ́n, ó ní òun ò tọ́ ọmọ fún ọkọ́ àti àdá. Tìtorí iṣẹ́ ìjọba tí eléyìí ń ṣe ló fi gbà fún un, ó sì sọ ọ́ níwájú ẹbí pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, òun á wá kó ọmọ òun àti ẹrù rẹ̀. Bàbá ìyàwó náà kì í sọ̀rọ̀ kó má mú un ṣẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí àwọn alábẹ̀wò ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo ọ̀nà ìkọ́ni tuntun, kí a pe àwọn òbí síbẹ̀. Lójijì, ọ̀gá wa fẹ́ràn igun mi. Ó ń sọ kiri pé kíláàsì tó bá ń pariwo ni kíláàsì tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Ó wo eré náà látòkèdélẹ̀, ó sì yan ọmọ yẹn pé òun ni kó ṣe bàbá, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o. Mo ní kò burú.

Mo lọ dúró de bàbá rẹ̀ nínú ilé àpatì. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ fi àdá pamọ́ sẹ́yìn, ó wá rí i pé kò sí ẹ̀yìn mọ́. Mo sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe fún un. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó ní òun fẹ́ sọ fún ìyàwó òun bí nǹkan bá rọ̀ díẹ̀, pé iṣu tí òun ń gbé wálé, òun ń sọ fún un pé wọ́n ń pín in lọ́fíìsì ni. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe ìyá.” Ó dára lójú mi. Àwa méjèèjì tí a kàwé rò pé a ti rí ọgbọ́n dá sí i.

Ọjọ́ pé. Àwọn òbí jókòó lórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọmọkùnrin kan ṣe bàbá, ó gbé òkúta kan dé bí iṣu. Ọmọ mi yìí kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì, Dádì,” ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Bàbá jẹun, bàbá sùn, ó ń hanrun.

Ìyá wá dìde, ó ń yọ́ rìn. Ó ṣí àpò bàbá, ó fa àkísà kan jáde bíi ṣòkòtò, ó ń ṣa nǹkan kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀. Ó fa pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn yọ, ó pọ́n ọn lára òkúta ààrò, ó fi àtàǹpàkò wò ó bóyá ó ti mú, ó fi páálí wé e padà, ó fi oúnjẹ kékeré kan sí i lábẹ́. Ó yíjú sí èyí tó ń ṣe ọmọ, ó fìka lé ètè: “Má sọ fún Dádì o.”

Alábẹ̀wò bi ọ̀gá wa pé kí ni ọmọ ń pọ́n yẹn. Ọ̀gá ní, “Pẹ́ńsùlù ni, sà. Ó ń bá ọkọ rẹ̀ gbẹ́ pẹ́ńsùlù ọ́fíìsì.” Alábẹ̀wò mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yìn tọkọtaya náà ni mo dúró sí. Ọkọ tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Kò yíjú sí ìyàwó tó fi béèrè pé, “Láti ìgbà wo?”

Ìyàwó ń pàtẹ́wọ́ lọ bí àwọn yòókù. Ó ní, “Dádì, èèmọ́ tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ yẹn, kì í hù ní Sẹkitéríàtì.”

Ọkọ ní, “Bàbá yín ńkọ́?”

“Iṣu yín ni wọ́n ń jẹ lÓǹdó. Wọ́n ní ìjọba yìí mọ̀ ọ́n pín.”

Mo rò pé ọkùnrin náà fẹ́ sunkún, àfi bí ẹ̀rín ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀, tó fi háńkáṣífù bò ó mọ́lẹ̀. Alábẹ̀wò ti pe ọmọ náà síwájú, ó ń bi í pé kí ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ ká ọwọ́ lẹ́rán, ó nàró ṣánṣán, gbogbo kíláàsì sì bá a dáhùn pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́, alábẹ̀wò ní ẹ̀kọ́ ti wọlé dáadáa. Bí mo ṣe ń wò wọ́n, inú bí mi, àánú gbogbo wa sì ṣe mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá náà tún mú ọmọ wá, táì lọ́rùn. Ilé ti mọ̀, ṣùgbọ́n àdúgbò ò tíì mọ̀, àna ò sì tíì mọ̀. Nígbà tó ti ilé àpatì jáde, ó yà sójú fèrèsé mi, ó gbé iṣu kan lé e, ó ní ìyàwó òun ló ní kí òun mú un wá. Mo gbà á lọ́gán, n kò ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Mo wo bí iṣu náà ṣe tóbi tó, mo wo pátákó mi tí kò ní ẹfun. Mo bi í bóyá ilẹ̀ ṣì kù ní Oda.

Ó wẹ̀yìn wò, ó rọ ohùn sílẹ̀. “Ó kù, Àǹtí. Ta ni ẹ ò fẹ́ kó mọ̀?”

Mo ní ìyá mi ni, ní Oǹdó.