Ojú Tí Adájọ́ Ní Ó Fọ́

Lọ́dún 2003, adájọ́ fi Abdulhakeem sẹ́wọ̀n ọdún méje pé ó fọ́ Ṣàmsúdéènì lójú nínú ìjà. Ara fu ìyá Abdulhakeem, Mùnírátù ẹlẹ́ja. Ìjà wáyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n dókítà ti wí ní kóòtù pé ojú náà wú lásán ni.

Lọ́jọ́ kan létí omi Ẹ̀pẹ́, Mùnírátù ṣàdédé sọ ẹja sí Ṣàmsúdéènì láti ìhà ojú ọ̀hún. Ó hán an!

"Ṣé ojú tó fọ́ ló ń hán ẹja?" ló bi lọ́yà ọmọ rẹ̀.

"Ìyá, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ò ní gbọ́ ti ẹja. Ọ̀rọ̀ dókítà ti tó."

Ó tó lóòótọ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù náà, wọ́n ní adájọ́ ṣàṣìṣe, wọ́n dín ẹ̀wọ̀n náà kù sí ọdún méjì.

"Ẹ dúpẹ́, Ìyá."

Mùnírátù wò ó tìfuratìfura. "Ọdún mẹ́rin lọmọ mi ti lò. Ta ni yóò dá méjì padà?"