Sìgá Gbọọrọ Tí Mo Fi Ọ̀bẹ Kòkó Là

Kòkó ni mo ń là jẹun ní Aramọkọ nígbà náà. Mo kàwé dé Sítáńdáàdì Mẹ́ta, ibẹ̀ ni ìwé ti lé mi. Síbẹ̀ wọ́n fún mi ní ọ̀bẹ kékeré kan níbi tí wọ́n ti ń ra kòkó, wọ́n ní kí n máa kó ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò, kí n là á lẹ́yọ lẹ́yọ, kí n wò bóyá inú rẹ̀ ti bu tàbí kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí adájọ́. Àgbẹ̀ tó tó bàbá mi á dúró níwájú mi, á ká fìlà lọ́wọ́, á máa wo ẹnu mi.

Nígbà òjò kan, lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sílé ní Èrìò lọ wo ẹ̀gbọ́n mi. Ikọ́ ti jẹ ẹ́ tán. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe kúùkù fún òyìnbó kan ní Ìbàdàn. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú wọn lẹ́yìn òmìnira, sìgá kan ṣoṣo ló fi dágbére fún un. Kì í ṣe irú èyí tí à ń rà lẹ́yọ lẹ́yọ o. Ó gùn láti ọrùn ọwọ́ mi dé orí ìka, ewé tábà gidi ni wọ́n ká mọ́ra wọn, ó wà nínú agolo tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Àlejò kì í wọlé kó má fi hàn án: "Ẹ wo bí ọ̀gá mi ṣe kà mí sí."

Lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí ìyàwó òun gbé e wá.

"Àbúrò, òní ni mo fẹ́ mu ún. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ẹlòmíì nínú ulé yìí tó mọ̀ ọ́n. Ṣé ojúlówó ni? Àbí èyí tó fẹ́ dà nù ló fún mi?"

Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí mi. Ọkọ ló máa ń pe èmi àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tí ò lè mí, èéfín ló ń wá!"

"Èémí tó kù, tèmi ni," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Jẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹni tó gbọ́n á gbóòórùn rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ wò, á dá a padà. Èmi fa ọ̀bẹ yọ lápò. Mo gbé sìgá náà lé orí àpótí ìjókòó, mo là á láti orí dé ìdí. Ìgbà tó di méjì ni mo tó rántí pé mímu ni wọ́n ń mu sìgá.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí apá méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìsípẹ́kítọ̀!"

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ló wá burú jù. Ó ti bu láàárín gbùngbùn, funfun bí òwú, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ lóde mọ́ tónítóní. Níbi iṣẹ́ wa, bí kòkó bá bu lóde, ilé tí wọ́n kó o sí ló ń jò. Bó bá bu nínú, wọn ò sá a gbẹ kí wọ́n tó dì í. Ó ti bàjẹ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bóyá sìgá ò rí bẹ́ẹ̀. N ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ò ju kòkó lọ.

"Kí lo rí?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

Mo ti sọ fún àwọn àgbàlagbà Ìlọrò àti Ìkọ̀rọ̀ lójúkojú pé kòkó wọn ò dára, n ò sì ṣẹ́jú. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbójú sílẹ̀, mo ń nu ọ̀bẹ mi.

"Ó ti bu díẹ̀," mo ní. "Ìpamọ́ ló fà á. Àpótí yín ló tutù. Nígbà tí ọ̀gá yín fún yín, ojúlówó ni."

"Èmi ni mo bà á jẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Kó jẹ́ èmi." Ó ní òun ò lè mu ún mọ́, kí n bá òun tọ́ ọ wò, kí n sọ bí adùn rẹ̀ ti rí kó tó bu.

Mo fi òwú di apá méjèèjì papọ̀, mo ṣáná sí i. Ó ń rùn bí ẹní tó tutù tí wọ́n gbàgbé sí kọ̀rọ̀. Ó gbá mi lọ́fun, omi bọ́ lójú mi.

"Báwo ló ṣe rí?"

Ọ̀rọ̀ kòkó nìkan ni mo ní. "Bí kòkó tí wọ́n sá lóòrùn ọjọ́ méje. Ó kọ́kọ́ korò, ó wá ń dùn bọ̀ nísàlẹ̀ ọ̀fun. Gíréèdì wáànù ni."

"Kí ló dé tóo wá ń sunkún?"

"Adùn ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbé e lọ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Má fi ṣòfò. Mu ún tán."

Mo mu ún. Ó ju wákàtí kan lọ, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára mi. Nígbà tó kù bí ìka, mo sáré lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo bì títí. Ìyàwó rẹ̀ bu omi wá. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

"Ó ti bàjẹ́ látilẹ̀, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ má jẹ́ kó gbọ́, ọkọ mi."

Ọjọ́ karùn-ún ló kú. Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń gbẹ́ sàréè rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi ara ti ṣọ́bìrì, ó ní, "A gbọ́ pé ẹ yẹ sìgá yẹn wò. Gbogbo ẹni tó kí i ló sọ ọ́ fún. Ó ní gíréèdì wáànù ni."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gba ṣọ́bìrì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ̀ sínú kòtò.