Èbù Mi Di Ẹ̀bùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n tú ohun tó wà níkùn mi yìí sílẹ̀ kó tó pa mí. Ohun tí Sìkírá fojú mi rí ní abúlé Ìrókò níbí, mi ò rò pé ọ̀rẹ́ lè ṣe é síni!

Ọ̀rẹ́ mi ni Sìkírá. Ká kúkú sọ pé ọ̀rẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀. Ilé-kéú kan náà la lọ.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí owó wọ́n, tí èèyàn á lówó ní báńkì tí kò ní rí i gbà? Ìgbà yẹn ni pàṣípààrọ̀ padà dé abúlé wa. O gbé gààrí wá, o gba epo. O kó tòmátì wá, o gba ọṣẹ. Ó dùn mọ́ wa o!

Àsìkò iṣu gbígbìn sì ni. Sìkírá ti kọ ebè kalẹ̀, ni gbogbo èbù tó fẹ́ gbìn bá jẹrà. Ó pàdé mi lọ́nà oko, ó ní kí n gba òun. Èmi ní èbù, òun ní ewúrẹ́ dúdú kan tí kò tíì bímọ. Ọmọ mi Mọ́ríámọ̀ ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Moniya, ó ku díẹ̀ kó ṣe fírídọ́ọ̀mù. Mo rò ó pé tí ewúrẹ́ yẹn bá bí, màá ta àwọn ọmọ ẹ̀, màá fi ṣe é fún un. Mo ní kó kó gbogbo èbù mi, kó fún mi léwúrẹ́. Àwa méjì péré la jọ sọ ọ́. Ẹ̀gẹ́ díẹ̀ ni mo rí gbìn sóko tèmi.

Nígbà tí mo délé ẹ̀, ó tú okùn ewúrẹ́, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Gbà, máa mú un lọ, kóo máa sìn ín." Ìyá ọkọ ẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n tiẹ̀ ṣàdúrà pé kó bí ìbejì. Mo ṣe àmín! Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tó máa fura? Ṣé a kì í sin ẹran ni?

Àdúrà gbà. Akọ kan, abo kan. Ìwọ́ wọn ò tíì já tí Sìkírá fi dé, tó ń kí mi kú ìtọ́jú ẹran òun. Ẹran ta ni? Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó ní rárá, àgbàsìn lòun fún mi.

Ẹ̀yin ará ìgboro, bó ṣe rí nìyí: lọ́dọ̀ wa, tí mo bá ní kóo bá mi sin ẹran, tèmi ni ìyá, àwọn ọmọ la jọ máa pín.

Mo ní, "Èbù tí mo fún ẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Ṣebí ẹ̀bùn ni?"

Èbù di ẹ̀bùn! Èbù tó fi gbin odindi oko!

A dé iwájú àwọn àgbà agboolé. Mo ní kí wọ́n bi ìyá ọkọ Sìkírá. Ìyá ò wojú mi. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ pàṣípààrọ̀ o, "máa sìn ín" làwọn gbọ́. Wọn ò sì parọ́! Bí Sìkírá ṣe mú ìyá ẹran àti abo lọ nìyẹn, ó ku akọ fún mi. Mo sunkún bí ọmọdé. Mọ́ríámọ̀ ṣì ń rán aṣọ fún ọ̀gá ẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí iṣu jáde, Sìkírá fi iṣu tuntun rán ọkọ ẹ̀ sí mi. Ẹ ò rójú ayé! Mo mọ iṣu yẹn, iṣu mi ni. Mo kí ọkọ ẹ̀ dáadáa, torí wọn ò ṣẹ̀ mí. Mo wá ní, "Ẹ dákun, ẹ bá mi bi ìyàwó yín, ṣé ẹ̀bùn ni àbí àgbàsìn?" Mo ní kí wọ́n gbé e padà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀, ẹ rántí pé kò sówó níbẹ̀ tó máa fi hàn pé ẹ rà á, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni. Ẹ pè é lórúkọ ẹ̀ níṣojú èèyàn: "Mo fi tèmi pàrọ̀ tìẹ, ó parí." Kódà kó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Pàápàá ọ̀rẹ́ yín!

Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ ní kí n gbàgbé. Òbúkọ yẹn ń ké lẹ́yìnkùlé mi láràárọ̀, ó ń wá ìyá ẹ̀.