Ọwọ́ Télọ̀ Ń Pani

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì pé ọjọ́ kan láyé tó ti hu irùngbọ̀n. Wọ́n ní bí Télọ̀ bá fọwọ́ kan ènìyàn, onítọ̀hún á gbẹ bí igi ìdáná. Wọ́n ní ewúrẹ́ kan fẹnu kan ṣòkòtò tó rán, ló bá ṣubú, tó nasẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè. Obìnrin alágbàfọ̀ ní òun rí òkú ewúrẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n bi í pé àwọ̀ wo ni, ó ní ẹ̀rù ò jẹ́ kóun wò ó.

Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yìí náà ni Télọ̀ fi ń jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́. Kì í lo téèpù. Àtẹ́lẹwọ́ àti ìka ló fi ń wọn èjìká oníbàárà, a sì máa ní bí ẹnikẹ́ni bá fa ikùn mọ́nú, téèpù á gbà á gbọ́, ọwọ́ òun ò ní gbà.

Ibà tí kò lọ bọ̀rọ̀ ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà, ọmọbìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ, jókòó tì í.

"Bàbá, inú mùdùnmúdùn eegun lara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwọn okùn tíntìntín kan wà níbẹ̀ tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa rí. Ọ̀kan ti sọnù nínú tiyín. Ẹ̀jẹ̀ funfun tó yẹ kó máa bá àrùn jà ń jáde, ó tilẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìjà."

"Bíi kí apá kan sọnù nínú pátánì, kéèyàn sì máa fi gé aṣọ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà."

"Áà! Àwọn ológun aláìlápá ló wá ń ṣọ́ mi."

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ìwòsàn tó wà ni kí wọ́n gba mùdùnmúdùn ẹbí rẹ̀ sí i lára, ṣùgbọ́n ti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo kò bá tirẹ̀ mu, kò sì sí ẹlòmíràn. Dókítà ní kó má bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ikọ́ ọmọdé lásán lè gbé e lọ.

Ìtìjú ò jẹ́ kó ṣàlàyé. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó na èjìká sí i, ṣe ni Télọ̀ kígbe mọ́ ọn: "Má fọwọ́ kàn mí!" Ọkùnrin náà sáré jáde, ó gbàgbé bàtà. Bí a ṣe bí ìròyìn nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ kò sunkún nítorí àìsàn. Ọjọ́ tó gbé korobá òfìfo bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ omi ló sunkún. "Bàbá wọn, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ."

Télọ̀ fi aṣọ bo imú, ó dìde.

"Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Ìyá wọn, ọ̀rọ̀ ikú ti parí. Ti omi ló kù."

Bí èrò ìdí ẹ̀rọ omi ṣe rí òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n fọ́n ká bí adìyẹ tó rí àwòdì. Alágbàfọ̀ fo gọ́tà tòun ti ọpọ́n aṣọ lórí. Télọ̀ dúró lókèèrè.

"Ẹ má sáré. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Òótọ́ ni pé bí ọwọ́ wa bá pàdé, ẹnìkan lè kú. Èmi ni. Àrùn mi kì í ràn. Tiyín ló ń ràn mí, ẹ̀jẹ̀ mi ò sì lè jà. Dókítà ní n kò ní pẹ́ lọ. Ẹ máa sá fún mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kò sóhun tó ṣe obìnrin yìí, àárín yín ni n ó sì fi í sílẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kó pọnmi."